Etí Ọ̀gá Jẹ́jẹ́

Pákó kan báyìí ló pín ṣọ́ọ̀bù èmi aránṣọ àti ti ọkùnrin tí gbogbo òpópónà ń pè ní Ọ̀gá Jẹ́jẹ́. Ọdún mẹ́rìndínlógún la fi jọ wà bẹ́ẹ̀, tí mo bá sì ní gbogbo ẹ̀ ló dùn, irọ́ ni mo pa. Kọ̀ǹpútà ló ń tò, èyí tí wọ́n fi ń gbá géèmù. Kì í rà á ní odidi kó tún un tà. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣa àwọn ẹ̀yà ara ẹ̀, á wá tò wọ́n pọ̀ bí èmi náà ṣe ń gé aṣọ ní apá àti àyà kí n tó rán an pọ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ nídìí iṣẹ́ yìí, eré ni wọ́n ń lé kiri: èwo ló yára jù, èwo ló ń tan iná pupa àti aláwọ̀ ewé yòò bí ilé ọtí. Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ ò rí tiwọn rò. Ó fẹ́ kí ẹ̀rọ dákẹ́, ó sì fẹ́ kó tọ́jọ́. Ìyẹn ni wọ́n fi sọ ọ́ ní Jẹ́jẹ́, nítorí ní ti ẹnu, kò sí jẹ́jẹ́ kankan níbẹ̀.

Ọjọ́ kẹta tí mo kó dé ni ìjà wa bẹ̀rẹ̀. Ó gbá pákó náà kọ̀ọ̀kọ̀ọ̀, ó ní kí n dá ẹ̀rọ ìránṣọ mi dúró fún wákàtí kan, òun ń fetí sí iṣẹ́ kan lọ́wọ́. Mo ní ṣé ẹ̀rọ tèmi ló máa wá gbàṣẹ lẹ́nu kọ̀ǹpútà ni? Mo tẹsẹ̀ mọ́ ọn, mo ń rán lọ títí kò fi sí aṣọ níwájú mi mọ́. Bá a ṣe ń bá a bọ̀ nìyẹn. Á gbá pákó, màá fèsì, ìyàwó ẹ̀ á wá bẹ̀ mí, màá dá ẹ̀rọ dúró nítorí ìyàwó. Èmi kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Ohun tó bá wà nínú mi ló ń wà lẹ́nu mi, gbogbo òpópónà ló sì mọ̀ mí mọ́ ọn.

Ohun tó ń fetí sí nìyí. Tó bá to kọ̀ǹpútà kan tán, kò ní gbé e fún oníbàárà lójú ẹsẹ̀. Á ti ilẹ̀kùn, á pa fáànù òkè, á ní kí ẹni tó bá ń wúkọ́ jáde síta. Á wá gbé géèmù tó wúwo jù sórí ẹ̀rọ náà, á fi í sílẹ̀ fún odindi wákàtí kan títí ara ẹ̀ á fi gbóná dáadáa. Lẹ́yìn náà á kúnlẹ̀, á dijú, á fi etí ọ̀tún lé ẹ̀gbẹ́ àpótí ẹ̀. Tó bá gbọ́ ohunkóhun, á tú u palẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀. Tí kò bá gbọ́ nǹkan kan, á fi ìka kan gbá àpótí náà pẹ́, á ní, "Ó ti sùn." Àwọn oníbàárà fẹ́ràn ẹ̀ débi pé àwọn míì ń ya fídíò ẹ̀ níbi tó kúnlẹ̀ sí. Ọkùnrin tí kò kàwé jìnnà, tí kò kọ́lé, tí Ọlọ́run ò fún lọ́mọ, etí yẹn ló ní, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé.

Ìyàwó ẹ̀ ló ń ṣe ìyókù. Òun ló ń nu ẹ̀rọ, tó ń ká wáyà, tó ń fi fóòmù yí i ká nínú páálí. Obìnrin jẹ́jẹ́ gidi ni, kó tó sọ gbólóhùn kan, èmi á ti sọ mẹ́wàá. Tí ọkọ ẹ̀ bá jáde lọ wá ẹ̀yà ẹ̀rọ, mo máa ń gbọ́ ọ lódìkejì pákó tó ń yí síkíríù, tó ń tú nǹkan, tó tún ń dì í padà. Mi ò bi í léèrè rí. Mo rò pé eruku ló ń gbọ̀n.

Ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ dédé yéé gbá pákó. Mo ń ránṣọ, kò wí nǹkan kan. Mo ra ẹ̀rọ tuntun tó ń dún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, síbẹ̀ kò wí nǹkan kan. Mo ní ọjọ́ orí ti ń rọ̀ ọ́, mo tún fi yangàn fún àwọn ará òpópónà pé mo ti borí. Inú mi dùn, kí n má purọ́.

Èmi náà ni mo mú awakọ̀ tírélà wá bá a. Ìyá ọkùnrin náà ti jẹ́ oníbàárà mi kí n tó kó dé òpópónà yìí, mo sì mọ ọmọ náà nígbà tó ṣì ń fò gun orí ọkọ̀. Ìjàǹbá ojú ọ̀nà ló ṣe é lẹ́yìn, látìgbà náà orí àga onítáyà ló ń jókòó sí, inú yàrá kan ṣoṣo ni òun àti ìyá ẹ̀ sì ń gbé. Gbogbo ọ̀sán ni àwọn awakọ̀ tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ máa ń pàdé orí íńtánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á jọ máa wa tírélà inú géèmù, wọ́n á máa bú ara wọn, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ nìkan ló kù tó ti ń wakọ̀. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà àlòkù tó ń lò ń hó bí ìkòkò, ìyá ẹ̀ sì ní ẹ̀fọ́rí túúlu. Tí ariwo bá ti pọ̀, ojú ìyá náà á máa ṣú, á máa bì, á dojú kọ ògiri fún odidi ọjọ́ kan. Nítorí náà ọmọ máa ń pa ẹ̀rọ, á jókòó, á máa wo ojú fèrèsé.

Ó sọ fún Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ pé òun ò fẹ́ ẹ̀rọ tó máa jẹ́ kóun yan láàárín ìyá òun àti àwọn ọ̀rẹ́ òun. Ó ní kó má dún, kó sì bá òun dalẹ́, torí owó tí wọ́n fún òun nítorí ẹ̀yìn òun lòun fẹ́ fi rà á, irú owó bẹ́ẹ̀ kì í wá lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ ní kó fọkàn balẹ̀, ó ti dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń wá.

Ẹ gbọ́, bí mo ṣe ń bínú sí ọkùnrin yìí tó, mi ò ní fi ẹ̀tọ́ ẹ̀ dù ú. Ó mọ ẹ̀yà ẹ̀rọ ṣà. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi ṣe é. Awakọ̀ fẹ́ káàdì àwòrán, ẹ̀yà tó ń gbé àwòrán géèmù jáde, tó lágbára jù, Ọ̀gá sì bi í pé nínú ọkọ̀ tó ń fi gbogbo agbára ẹ̀ gun òkè àti èyí tó ń fi ìdajì gùn ún, èwo ló ń pariwo, èwo ló ń tètè bàjẹ́? Awakọ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní ọ̀rọ̀ ti yé òun. Bó ṣe ṣa gbogbo ẹ̀ nìyẹn. Ó mú páwà, ẹ̀yà tó ń pín iná fún ìyókù, tó tóbi ju ohun tí ẹ̀rọ náà ń fẹ́ lọ, kí fáànù inú ẹ̀ lè máa sinmi. Ó mú fáànù fẹ̀ǹfẹ̀ tó ń yí díẹ̀díẹ̀, kò mú àwọn kéékèèké tó ń sáré. Irin onípele tó ń fa ooru kúrò lórí ọpọlọ ẹ̀rọ náà tó bíríkì méjì. Ibi ìpamọ́ ẹ̀ kò ní ohunkóhun tó ń yí rárá. Ó wá àpótí tó wúwo, tí wọ́n tẹ́ fóòmù sí ògiri ẹ̀ nínú, tó sì ní àwọ̀n tí èèyàn lè yọ fọ̀ kí eruku má bàa pa á. Ó fi àyè sílẹ̀ lórí bọ́ọ̀dù tí gbogbo ẹ̀yà so mọ́ fún ohun tí wọ́n bá fẹ́ fi kún un lọ́jọ́ iwájú. Ó ní ẹ̀rọ náà á lo ọdún mẹ́wàá, tí awakọ̀ bá ń fọ àwọ̀n yẹn déédéé.

Káàdì àwòrán ni wàhálà. Wáyà wíwé kéékèèké kan wà nínú ẹ̀ tó máa ń ké tí iṣẹ́ bá wọ̀ ọ́ lára, ohùn tín-ín-rín bíi ti ẹ̀fọn. Káàdì méjì á ti ilé iṣẹ́ kan náà wá lọ́jọ́ kan náà, ọ̀kan á ké, èkejì á dákẹ́, kò sì sí ìwé tó lè sọ èwo ni èwo. Etí nìkan ló ń mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyẹn tí Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ fi máa ń ní mẹ́ta mẹ́rin irú kan náà lórí pẹpẹ. Lọ́sẹ̀ tá à ń wí yìí, ọjà ti gbẹ lọ́wọ́ àwọn tó ń kó o wá, ẹyọ kan péré ló rí.

Ṣọ́ọ̀bù mi ni mo wà lọ́jọ́ tó dán an wò, àmọ́ pákó wa kì í fi nǹkan pa mọ́. Mo gbọ́ tó ti ilẹ̀kùn. Wákàtí kan kọjá, mo gbọ́ tó gbá àpótí pẹ́, tó sọ gbólóhùn ẹ̀. Awakọ̀ náà ní ní tòun o, òun ò gbọ́ nǹkan kan, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tírélà ti jẹ etí òun tipẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn ìyàwó, ohùn tí kì í jáde síwájú oníbàárà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká dúró de káàdì míì," ó ní. "Èyí ń ké."

Mo gbọ́ tí ọkọ ẹ̀ dìde nílẹ̀.

"Ṣé etí tèmi ni wọ́n ń wá síbí àbí tìẹ?" ọkọ ẹ̀ bi í. "Dì í sí páálí. Kó o sì panu mọ́."

Ó sọ ọ́ níwájú awakọ̀, níwájú ẹni tí mo mú wá. Mo dìde kí n lọ fọ́ ọ̀rọ̀ náà sí i lójú, ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ tí obìnrin náà ń fa tépù lára páálí. Ó ń dì í. Mo padà jókòó, mo bú ọkùnrin náà nínú ara mi títí mo fi rán àpò aṣọ kan sódì.

Ọjọ́ kẹrin tó gbé e délé, awakọ̀ pè mí lórí fóònù. Ó ní ìyá òun ò tíì jẹun láti àná, ojú ògiri ló kọ sí, ìyá náà ń sọ pé nǹkan kan ń gún òun láàárín eyín àti etí. Mo gba ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ lọ, mo ní ó yá, ká lọ. Ó rẹ́rìn-ín o. Ó ní ẹ̀rọ tóun fetí ara òun sí, àfi tó bá jẹ́ ẹ̀rọ míì ni wọ́n tàn sílé. Síbẹ̀ ó tẹ̀ lé mi.

Yàrá yẹn ò gbà ju bẹ́ẹ̀dì méjì lọ, kọ́tìnnì kan ló wà láàárín wọn. Kọ̀ǹpútà náà wà lórí tábìlì ní ìdí bẹ́ẹ̀dì ọmọ, ó mọ́ tónítóní. Ìyá náà dùbúlẹ̀, aṣọ tútù lójú ẹ̀. Ọmọ ẹ̀ ti tan géèmù náà sílẹ̀ kí Ọ̀gá lè rí i fúnra ẹ̀. Bí mo ṣe tẹsẹ̀ wọlé ni mo gbọ́ ọ, tín-ín, kò sì dá. Mo kọ́kọ́ rò pé ilé kejì ni.

Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ kúnlẹ̀, ó dijú, ó fi etí lé e. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ó dìde, ó gbọn orúnkún.

"Màmá, ẹ̀rọ yìí ò dún," ó ní. "Inú orí yín ló ti ń dún."

Ojú gbà mí tì débi tí mi ò mọ ibi tí mo lè wò. Ṣùgbọ́n ìyá náà ò bínú. Ó ní kò burú, ó lè jẹ́ inú orí òun lóòótọ́, kí wọ́n kàn jẹ́ kóun mọ̀. Ó yí padà kọ ògiri, ó fi aṣọ bojú, ó ní kí ọmọ òun máa gbé géèmù náà sísàlẹ̀ kí ẹ̀rọ lè sinmi, kó tún máa gbé e sókè kó lè ṣiṣẹ́, kó má sọ èyí tó ń ṣe. Òun á na ọwọ́ tóun bá gbọ́ ọ.

Ọmọ gbé e sókè. Ọwọ́ ìyá lọ sókè. Ó gbé e sísàlẹ̀, ọwọ́ wálẹ̀. Ó tún gbé e sókè, ọwọ́ lọ sókè. Ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ láti fi dán an wò, ọwọ́ ò sọ̀kalẹ̀. Ìgbà márùn-ún, kò ṣìnà lẹ́ẹ̀kan. Obìnrin ẹni àádọ́rin ọdún. Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ ń wo ọwọ́ náà, ó ń wo ẹ̀rọ náà, ojú ẹ̀ ń yí padà. Ó wá yíjú sí mi.

"Ìyá Aránṣọ, ṣé ẹ̀yin náà ń gbọ́ ọ?"

"Mò ń gbọ́ ọ látìgbà tá a ti wọlé," mo ní.

Dókítà etí ló ṣàlàyé ẹ̀ nígbà tó yá. Ẹ̀rọ tí Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ fi ń fẹ́ eruku kúrò nínú kọ̀ǹpútà àwọn èèyàn, èyí tó ń han bí ẹni tí wọ́n ń fi iná jó, ogún ọdún ló ti ń gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ orí láìfi nǹkan dí etí. Àwọn ohùn tín-ín-rín ló kọ́kọ́ ń lọ. Èèyàn á ṣì máa gbọ́ ọ̀rọ̀ kedere, kò sì ní mọ̀ pé ohunkóhun ti kúrò níbẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ pákó wa ṣẹ̀ṣẹ̀ wá yé mi: kò gbọ́ ohùn tín-ín-rín kankan mọ́ tí ariwo ẹ̀rọ mi lè bò mọ́lẹ̀. Ìṣẹ́gun tí mo fi ń yangàn wá korò lẹ́nu mi.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, kí dókítà tó sọ ohunkóhun, tààrà ló lọ bá ìyàwó ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Mo tẹ̀ lé e wọlé, kò sẹ́ni tó pè mí. Ó bi í pé láti ìgbà wo. Obìnrin náà ò bẹ̀bẹ̀, kò sì sunkún. Ó ní ó ti pé ọdún mẹ́ta. Ó ní nígbà tóun bá ń dì í sí páálí lòun máa ń fetí sí i, tí káàdì bá ń ké, òun á mú irú ẹ̀ míì lórí pẹpẹ, òun á fi rọ́pò ẹ̀. Àwọn tó ń ké, ilé géèmù lòun ń tà wọ́n fún, níbi tí ariwo ti pọ̀ tẹ́lẹ̀. Kò sí ẹnì kankan tó dá ẹ̀rọ padà rí.

"Kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

"Kí lẹ tún ní tẹ́ ẹ lè fi yangàn?" Ó sọ ọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni ń sọ iye tí aago lù.

"Ti awakọ̀ ńkọ́?"

"Kò sí òmíràn lórí pẹpẹ. Mo sọ fún yín. Ẹ ní kí n panu mọ́, mo sì panu mọ́."

Mo rò pé yóò tọrọ àforíjì. Mo rò pé ó kéré tán, yóò jókòó. Ó ní, "Ìwọ tó o gbọ́, tó o sì dì í, ìwọ lo gbé ìyá yẹn dùbúlẹ̀. Èmi ò gbọ́ nǹkan kan." Ó sì fi ìbínú jáde lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù.

Ìyàwó ló wá káàdì míì dé ìlú kejì, òun fúnra ẹ̀ ló lọ yí i padà ní yàrá awakọ̀, ó jókòó síbẹ̀ títí ìyá fi sùn lọ níwájú ẹ̀ tí géèmù ń lọ lọ́wọ́. Awakọ̀ ń bá àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ gbá a dòní. Lọ́sẹ̀ kejì, obìnrin náà kó irinṣẹ́ ẹ̀ sínú báàgì kékeré, ó lọ gbaṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà tó wà ní ìkóríta. Ilé kan náà ni wọ́n ṣì ń gbé, àmọ́ kò padà sẹ́yìn pákó mi mọ́. Àwọn oníbàárà sì mọ ọ̀nà ìkóríta.

Mo bínú sí ọkọ, mo sì tún bínú sí ìyàwó pẹ̀lú. Mo pàdé ẹ̀ lójú ọ̀nà, mo sì sọ ọ́ sí i lójú. Mo ní òun náà ló sọ ọkùnrin náà dà bẹ́ẹ̀. Mo ní ká ní èmi ni, ọjọ́ kìíní gan-an ni ǹ bá ti là á mọ́lẹ̀ fún un, ì bá bínú, ì bá lọ sọ́dọ̀ dókítà, orí ìyá arúgbó kan ò sì ní fọ́ nítorí orúkọ ẹnì kan.

"Àǹtí mi," ó ní, "ẹ ò tíì rí ojú ẹ̀ nígbà tó bá gbé etí kúrò lára àpótí."

Mo ní ojú wo, mo kọjá lọ.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, ọkùnrin kan tí kò tíì gbọ́ ìròyìn wá láti ọ̀nà jíjìn, ó ní kí Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ to kọ̀ǹpútà géèmù kan fóun, yàrá tí ọmọ tuntun ń sùn sí lòun fẹ́ gbé e sí. Mo rí Ọ̀gá tó ń lọ, tó ń bọ̀, páálí lábẹ́ apá. Ó ti fá irùngbọ̀n ẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi ṣa ẹ̀yà. Ní ọjọ́ karùn-ún ó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi, kò wọlé, ó ń wo ilẹ̀. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi gbọ́ nǹkan kan, kò ní pẹ́." Ọkùnrin tó bá mi jà fún ọdún mẹ́tàlá. Oníbàárà jókòó síta lórí bẹ́ǹṣì, ó ń fi àwòrán ọmọ ẹ̀ han ẹni tó bá ń kọjá.

Mo wọlé. Ó ti pa fáànù òkè, ẹ̀rọ náà ti gbóná, káàdì kan péré ló wà, pẹpẹ tó kù ṣófo gbáú. Mo tẹ̀ síwájú, mo fi etí lé e. Kò gbà mí ní àkókò kankan, ó ń ké, tín-ín, bíi ti yàrá awakọ̀ gẹ́lẹ́. Mo gbé orí kúrò láti sọ fún un. Ó wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, àgbàlagbà ọkùnrin, ó gbé ojú sókè sí mi, ó ń wo ẹnu mi.

Mo ní kò dún.

Ó ní kí Ọlọ́run bá òun bù kún mi. Ó fi ọwọ́ nu ẹ̀rọ náà, ó wá tépù títí kó tó rí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dì í sí páálí fúnra ẹ̀.